Ọ̀nà Èéfín

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ nígbà tí Akíndúró gbé Tòyótà rẹ̀ dé.
Ó pa á, ọkọ̀ náà tún húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì
kó tó gbà pé wọ́n ti pa òun.
Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀:
sáléńsà ti jẹra bí ewé ẹ̀gẹ́ tí tata jẹ kù,
wáyà ló gbé e rọ̀,
wáyà ọ̀hún pàápàá ń wá ẹni tí yóò gbé òun rọ̀.

"Àǹtí Sìdí, mo fẹ́ kí èéfín rẹ̀ máa gba òkè lọ."
"Òkè ibo?"
Ó na apá méjèèjì sókè lẹ́yìn orí ọkọ̀
bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró lóru.
"Páìpù méjì. Ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.
Kó ga ju òrùlé ọkọ̀ lọ."

Mo ní ṣé nítorí àgbàrá ni,
èyí tó kún Òkóbàbá léṣìí, tí ọkọ̀ ń fi ìdí mumi?
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, àgbàrá ni.
Irọ́ tí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ kì í pẹ́ dáhùn.

Òwódé Onírin ni mo ti ra páìpù:
ọ̀kan tọ́, èkejì tọ́ níwọ̀nba.
Nígbà tí mo fi gíráíńdà dá ihò sí ilẹ̀ bọ́dì,
Akíndúró yíjú sápá kan
bí ìyá ìkókó níwájú abẹ́rẹ́.
Mùfútáù, ọmọ iṣẹ́ mi, so nọ́ọ̀tì mọ́ òwú,
ó fi í rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin;
ibi tí òwú àti páìpù bá ti ń jiyàn,
páìpù ló jẹ̀bi.
Iná dé ní aago mẹ́ta. Mo fa ìbòjú wálẹ̀.
Ayé ṣú, ó ku ìràwọ̀ kan péré,
ọwọ́ mi ló sì wà.

Mo fi páànù oníhò yí wọn ká
kí awọ alágbàrù tó ń kó pákó má baà lẹ̀ mọ́ ọn.
Mo fi ìdérí pélébé dé wọn lórí,
torí òjò Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta kì í tọrọ àyè kó tó wọlé.

Ó ṣáná sí i.
Ìdérí méjèèjì ń ṣí, wọ́n ń pa dé,
tàkì-tàkì, tàkì-tàkì,
èéfín dúdú yọ bí ẹni tó pẹ́ ní àhámọ́.
Gbogbo wa ń wòkè. Òun nìkan ló dijú.

"Agbégilódò ni bàbá mi ń wà, láti igbó Oǹdó wá síbí.
Páìpù kan ṣoṣo ló ní, ó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ̀rẹ́bà.
Lóru, ká tó rí iná ọkọ̀,
ìdérí rẹ̀ la máa ń gbọ́ láti orí afárá.
Ìyá mi á ní, ẹ gbé omi kaná, ó ti dé."
Ó fọwọ́ nu epo tí kò sí lójú rẹ̀.
"Lálẹ́ ọjọ́ kan, omi hó.
Ó hó títí tó fi gbẹ."

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ,
fèrèsé ṣí ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì,
Màmá Abọ́sẹ̀dé yọrí pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí kì í ṣe funfun mọ́:
"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀! Ilẹ̀ lèéfín yín ń rìn tẹ́lẹ̀,
àwọn ọmọ yín ló ń fà á símú, mi ò sọ̀rọ̀.
Ó ti wá ń gòkè wá bá mi báyìí, kò tilẹ̀ kanlẹ̀kùn."
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo gé orí páìpù méjèèjì,
mo dojú wọn kọ ọ̀sà,
níbi tí èéfín ìyẹ̀fun pákó àti ti ẹja yíyan
ti jọ ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó san ìdajì, ó ní òun á mú ìyókù wá lọ́jọ́ Jímọ̀.
Jímọ̀ mẹ́ta ti kọjá.
Lálaalẹ́ ni mo ń gbọ́ owó mi lórí afárá,
tàkì-tàkì, tàkì-tàkì,
tó ń lọ sílé.
Mùfútáù ní ká lọ dúró dè é ní oríta.
Mo ní rárá,
jẹ́ kó délé ná.